Àrùn Kì í Dìbò

Bí ìjọba bá yí padà lóru, àwọn alápatà á ṣì pa màlúù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀ láti la ẹ̀dọ̀, kó tẹ ẹ̀dọ̀fóró wò, kó wò bóyá aràn wà nínú ẹran, kó tó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn pé ó ṣeé jẹ. Ẹni náà lè má fẹ́ràn ìjọba tuntun. Ó sì lè jẹ́ pé ìjọba àná ti pa á lẹ́kún rí. Ṣùgbọ́n àrùn kì í dìbò. Kò mọ ológun yàtọ̀ sí alágbádá, kò sì ní dúró dìgbà tí ìlú bá rójú. Ọ̀rọ̀ tí à ń fà mọ́ ara wa lọ́wọ́ nínú ẹbí wa láti bí ọdún mélòó kan nìyí: ẹni tó bá ń sin gbogbo ìjọba tó bá wá, ṣé ìlú ló ń sìn, àbí ó kàn ń fi ọwọ́ tirẹ̀ tó mọ́ bo ọwọ́ ẹlẹ́gbin mọ́lẹ̀?

Bàbá wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wolé-wolé ẹran ní 1963, nígbà tí Ìkòsí àti Kétu ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó fi Ìbàdàn ṣe olú-ìlú. Ní 1967 wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, a sì di ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn láì gbé àpótí kan kúrò nílẹ̀. Ní 1996 a bọ́ sábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́. Ní 2003 wọ́n tún dá àwọn ìjọba ìdàgbàsókè sílẹ̀, Ìkòsí-Ìṣẹrì lọ́tọ̀, Àgbòyí-Kétu lọ́tọ̀. Ilé kan náà, kànga kan náà. Nínú ọ́fíìsì Bàbá, àwòrán olórí ìjọba ló ń yí lára ògiri: Balewa, Ironsi, Gowon, Murtala, Ọbásanjọ́, Shagari, Buhari, Babangida, Ṣónẹ́kàn, Abacha, Abdulsalami. Mọ́kànlá ni wọ́n kí Bàbá tó fẹ̀yìn tì ní ìparí 1998. Ó máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìṣó tí wọ́n fi kọ́ Ṣónẹ́kàn kò tíì mú ògiri dáadáa tí wọ́n fi já a sílẹ̀. Ó ní àwòrán ń yí lóòótọ́, àmọ́ ọ̀bẹ òun àti òǹtẹ̀ òun kò yí.

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Ó wà lára àwọn tó tú jáde sójú títì ní Kétu ní 1993 lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé ìbò June 12. Ó rí òkú nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ó ti kọ̀wé fi iṣẹ́ tíṣà ìjọba sílẹ̀, ó ní òun ò lè máa gba owó oṣù lọ́wọ́ àwọn tó jí ìbò òun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń wo Bàbá bí wọ́n ṣe ń múra, ó ní, "Bàbá, ẹ máa lọ tẹ òǹtẹ̀ fún wọn o." Bàbá kò dá a lóhùn. Wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò wọn, wọ́n bá tiwọn lọ.

Bàbá ti lọ sí ilé tí a kì í bọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bá wọn lọ. Àbúrò wa obìnrin kẹ́kọ̀ọ́ dókítà ẹranko. Òun ni ìpè wá bá lọ́jọ́ kan pé kó wá bójú tó ètò ìlera ẹran àti ọjà lágbègbè wa. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tó dìbò fún àwọn tó ń pè é. A pe ìpàdé ẹbí. Ẹ̀gbọ́n ní rárá. Màmá ní kó lọ, ṣebí iṣẹ́ ló kọ́. Àwa tí a wà láàrin ò mọ èyí tí a ó wí, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ti rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tí a rí ni Turner Isoun.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Isoun sí mínísítà tí Nàìjíríà fi sátẹ́láìtì ránṣẹ́ sójú ọ̀run lásìkò rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ pé dókítà ẹranko ni kò pọ̀. Ọmọ Ijaw ni, Odoni ni wọ́n ti bí i ní 1938. Ìlú rẹ̀ náà yí orúkọ bíi tiwa: ó wà ní Ẹkùn Ìlà-Oòrùn, ó di Ìpínlẹ̀ Rivers ní 1967, ó di Bayelsa ní 1996. Àní ọdún méjèèjì tí wọ́n yí tiwa padà náà ni wọ́n yí tirẹ̀ padà. Nígbà tí a rí èyí, Ẹ̀gbọ́n pàápàá rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ka tó yàn nínú ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko ni ti àwọn tí iṣẹ́ wọn ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ikú. Àwọn dókítà yòókù á máa du ẹ̀mí ẹran tó ṣì ń mí. Ní ti àwọn wọ̀nyí, òkú ni wọ́n ń là. Wọ́n á gé ẹran ara pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́, wọ́n á fi ẹ̀rọ amóhuntóbi wò ó, wọ́n á kọ ohun tó pa á sílẹ̀, kí èyí tó kù nínú agbo má baà bá a lọ. Yunifásítì Ìbàdàn ló ti ń kọ́ni, tó sì ti ń ṣe ìwádìí. Ní 1972, lásìkò Gowon, òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan tẹ ìwádìí jáde lórí àrùn kan tó ń dá egbò sí ẹnu àgùntàn ní Nàìjíríà, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, tó sì ń mú un ya ìgbẹ́ gbuuru. Ẹni tó bá ti sin ewúrẹ́ rí ní Ìkòsí mọ irú àrùn bẹ́ẹ̀. Kata ni wọ́n ń pè é. Ní ilé ìwádìí, PPR ni orúkọ rẹ̀. Imú á máa dà, ojú á máa ṣẹ ipin, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, agbo á dá. Ní ẹ̀yìnkùlé wa náà, kata ti sọ ewúrẹ́ mẹ́fà di ẹyọ kan rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn aládùúgbò ní aráyé ló ń ṣe é. Bàbá la ẹ̀kẹrin lójú wa, wọ́n fi ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tó ti le bí ẹ̀dọ̀ hàn wá, wọ́n ní, "Aráyé tó wà níbí nìyí, ẹ wò ó dáadáa."

Isoun tún bá V. O. Anosa ṣe iṣẹ́ lórí kòkòrò kan tí eṣinṣin tsetse ń kó sínú ẹ̀jẹ̀ àgùntàn àti ewúrẹ́. Wọ́n fi hàn bó ṣe ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ẹran gbẹ àti bó ṣe ń ba kórópọ̀n òbúkọ àti àgbò jẹ́. Iṣẹ́ àwọn ọdún 1970 ni. Láàárín ọdún mẹ́wàá náà, wọ́n lé Gowon kúrò, wọ́n pa Murtala, Ọbásanjọ́ gbé ìjọba fún Shagari. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ àgbò kò gbọ́ ìkankan nínú rẹ̀.

Ní 1980, lábẹ́ ìjọba alágbádá, wọ́n dá yunifásítì sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Rivers sílẹ̀ ní Port Harcourt, Isoun sì ni gíwá rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìparí 1983, ológun tún dé. Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n lò kí wọ́n tó lọ. Alágbádá padà wá ní oṣù karùn-ún 1999, inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n kó tó pé oṣù méje, ìjà Yorùbá àti Hausa bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Mile 12 lọ́hùn-ún. Oṣù kọkànlá ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú, àwa tí ilé wa kò jìnnà síbẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́rí fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ọjà tún ṣí, tírélà tòmátì àti àlùbọ́sà láti òkè Ọya tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, nítorí ìlú ní láti jẹun. Ó yé wa nígbà náà pé pípààrọ̀ àwòrán ara ògiri nìkan kì í wo àìsàn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní 2000, Isoun di mínísítà fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2007. Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹsàn-án, 2003, wọ́n fi NigeriaSat-1 ránṣẹ́ láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà. Iléeṣẹ́ kan ní Surrey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ ọ, àwọn ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà sì lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ariwo pọ̀ nígbà náà. Wọ́n ní ebi ń pa ará ìlú, iná ò sí, sátẹ́láìtì wo là ń wí? Ní Kétu, nínú ọkọ̀ dánfó, a gbọ́ ẹnì kan tó ní kí wọ́n lọ fi kámẹ́rà náà wo ihò tó wà lójú títì Ìkòròdú. Isoun àti ìyàwó rẹ̀, Miriam, fi èsì wọn ṣe odidi ìwé ní 2013, wọ́n sì fi ìbéèrè ẹlẹ́gàn gan-an ṣe àkọlé rẹ̀: *Why Run Before Learning to Walk?*

Àwa kò fẹ́ dá sí ẹjọ́ náà láìwo ohun tó wà nínú rẹ̀. Sátẹ́láìtì yẹn kéré, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kílò lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an ni kó máa ya àwòrán ibi tí àjálù bá ti ṣẹlẹ̀, òun àti irú rẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn bí Algeria àti Tọ́kì ní. Nígbà tí ìjì Katrina ba New Orleans jẹ́ ní 2005, àwòrán rẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n lò. Ẹyọ tóótòòtó kan nínú àwòrán náà jẹ́ mítà 32 níbùú, mítà 32 lóròó. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pulọ́ọ̀tì kan àti ààbọ̀ ní àdúgbò wa. Kò lè rí ihò ojú títì, kò sì lè rí ilé kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí odò bá kúrò ní ojú ọ̀nà rẹ̀, ó máa rí i. Àwọn àgbà ní igi gànnràngànnràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ẹni tó ti ń fi ẹ̀rọ wo ohun tí ojú kò lè rí nínú ẹ̀dọ̀fóró àgùntàn ló tún fẹ́ kí ìlú wo ohun tí ojú kò lè ká tán lórí ilẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an. Ní oṣù kẹwàá 2010, odò Ògùn kún bo bèbè rẹ̀. Omi wọ Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú, ó wọ Agílítì, ó wọ ẹ̀yìn Mile 12. Àwọn tó ń ta ata lánàá di ẹni tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó bẹ́ẹ̀dì jáde nílé. Àǹtí Màmá wa wà nínú wọn. Orí ẹ̀yìn la gbé e sí jáde, ẹ̀ni tó so lókùn ló di mọ́wọ́, kò jẹ́ kí ó bọ́. Adìẹ rẹ̀ kú, ewúrẹ́ rẹ̀ kú, òkú ẹran léfòó láàárín ilé fún ọjọ́ mélòó kan. Sátẹ́láìtì ṣì wà lókè lọ́dún yẹn. Àmọ́ àwòrán kì í ti omi padà. Ẹnì kan ní láti kà á, kó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀, kó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí etí ẹni tó ń sùn ní Agílítì. A kò rí ẹnikẹ́ni tó jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wa.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Ohun tí mò ń wí nìyẹn. Ó ṣiṣẹ́ fún wọn, kò dé ọ̀dọ̀ wa." Àbúrò wa ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, bí kò bá dé ọ̀dọ̀ wa, ta ló yẹ kó gbé e dé ibẹ̀? Ṣé kì í ṣe irú wa?"

Ọ̀rọ̀ náà gbé wa dé Jámánì. Rudolf Virchow ló máa ń wá sẹ́nu Àbúrò. Onímọ̀ àrùn ni Virchow, ti ènìyàn ni, ṣùgbọ́n kò gbà pé ògiri kan wà láàrin ìṣègùn ènìyàn àti ti ẹranko. Ní 1848 ìjọba Prussia rán an lọ sí Upper Silesia, níbi tí àrùn táífọ́ọ̀sì ti ń pa àwọn tálákà bí ẹni pa eṣinṣin. Ìjọba ń retí pé kó wá sọ oògùn. Ó padà wá, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìṣẹ́, àìmọ̀wé àti ìjọba tí kò ka mẹ̀kúnnù sí ló ń pa wọ́n, àti pé òmìnira àti ẹ̀kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ló bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ dúró ní Berlin. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ sí Würzburg, ó padà sí Berlin ní 1856. Ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1861. Ó ta ko Bismarck débi pé Bismarck pè é níjà ìbọn ní 1865. Kò bá a jà. Prussia di ìjọba ńlá Jámánì ní 1871, ó ṣì wà níbẹ̀. Ó jà kí wọ́n máa yẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wò nítorí aràn trichinella, ó jà kí wọ́n ṣe gọ́tà abẹ́lẹ̀ fún Berlin. Ó kú ní 1902. Òǹtẹ̀ tí Bàbá fi ń jẹun fún ọdún márùndínlógójì, ọmọ irú ìjà bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n náà kì í ṣe ẹni tí a lè fi ìtàn kan pa lẹ́nu mọ́. Ó ní kí a má dúró sí 1902. Ní oṣù kẹrin 1933, ìjọba Hitler ṣe òfin tó lé àwọn Júù àti àwọn alátakò kúrò nínú iṣẹ́ ìjọba, títí dé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò fọhùn. Àwọn kan tiẹ̀ gbọn àga náà, wọ́n jókòó sí i. Àwọn yẹn náà á ní iṣẹ́ ìmọ̀ làwọn ń ṣe, àwọn ò bá òṣèlú lọ. Àrùn kì í dìbò lóòótọ́, Ẹ̀gbọ́n ní, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo àrùn ń dìbò nípa ohun tó bá gbójú fò. A dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ni.

Ìtàn tó bá wa tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, ọ̀dọ̀ Màmá ló ti wá. Wọ́n ní lásìkò ológun kan, màlúù ọkùnrin ńlá kan wá sí ibi ìpẹran tí Bàbá ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n pa á, Bàbá la ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó kún fún kókó ikọ́ ẹ̀gbẹ. Bàbá ní kò ṣeé jẹ. Ẹni tó ni ín rán ọmọ ogun méjì wá pẹ̀lú ìbọn, pé kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn kíá, àríyá wà nílé. Bàbá fi òǹtẹ̀ sínú àpò, wọ́n da kẹrosíìnì sórí ẹran náà níṣojú àwọn ọmọ ogun. Wọ́n gbá wọn létí. Wọ́n dé ilé lálẹ́, etí òsì kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n tún wọ bàtà òjò. Màmá ní, "Ẹ rò pé mi ò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀? Wọ́n ní bí àwọn bá lọ, ẹni tí wọn yóò fi rọ́pò àwọn á tẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n wolẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Etí òsì yẹn, gbogbo wa ló máa ń pariwo sí. Ọjọ́ ogbó la pè é.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba la lè dá láre nítorí ìtàn kan ṣoṣo. A ò sì lè fi Isoun wé Virchow, tàbí ká fi Bàbá wé ẹnì kankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n a rí ohun tí a lè fi díwọ̀n. Èkíní: iṣẹ́ tí wọ́n pè ọ́ sí, ṣé ó ń ṣe ẹni tí kò mọ ìjọba rí láǹfààní? Èkejì: àga tí o fẹ́ jókòó sí, ta ni wọ́n lé kúrò níbẹ̀, kí ló sì ṣe? Ẹ̀kẹta: bí òkú bá sọ ohun tó pa á, ṣé wàá kọ ọ́ bó ṣe wí, àbí wàá wo ojú ọ̀gá kí o tó kọ ọ́? Isoun fi ìwádìí sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè kà títí dòní, bí àwòrán yòówù kó wà lára ògiri. Ó fi yunifásítì kan lélẹ̀ tó ṣì ń kọ́ ọmọ. Lásìkò rẹ̀ náà, ní oṣù karùn-ún 2007, wọ́n fi NigComSat-1 ránṣẹ́ láti Ṣáínà. Agbára rẹ̀ tán ní oṣù kọkànlá 2008, ẹ̀rọ náà kú, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2011. Èyí náà ní láti wà nínú ìwé. Ẹni tó bá la òkú á sọ ibi tó dára, á sì sọ ibi tó ti jẹrà.

A ò tíì gbàgbé oṣù kejì 2006, nígbà tí wọ́n kéde pé àìsàn adìẹ H5N1 ti wọ oko kan ní Jaji ní Kàdúná, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí i ní Áfíríkà. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àwọn aládìẹ Kétu ń wo adìẹ, adìẹ ń wò wọ́n, oníbàárà kò yọjú. Ní oṣù kìíní 2007, obìnrin kan kú nípa rẹ̀ ní Èkó níbí. Bí irú rẹ̀ bá tún dé, kò ní bi wá pé ẹgbẹ́ wo la wà. Ẹni tó dúró ní ẹnu ọjà lọ́jọ́ náà ló máa pinnu bóyá ìlú á tètè mọ̀ tàbí á pẹ́ kó tó mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kò sọ pé òun gbà. Ohun tó bi Àbúrò ni pé, "Bí wọ́n bá ní kí o yí ìwé ìjábọ̀ padà ńkọ́?"

Àbúrò ní, "Màá fi òǹtẹ̀ wọn lé orí tábìlì, màá sì sọ ohun tí mo rí fún ará ọjà."

"Níṣojú ta ni?"

"Níṣojú yín."

Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ báyìí. Ìjábọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, gọ́tà tó dí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pa adìẹ ló dá lé. Ó fún Ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀dà kan kó tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n kà á tán, ó fi bírò tún àmì ohùn méjì ṣe, ó fún un padà, ó ní kó má yọ ìlà kankan kúrò nínú rẹ̀.